Kí ni S inú AS? Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń fi ohun tó wà nínú DNA ṣe purotéènì

Ní Òṣogbo báyìí, ìwé jẹ́nótáìpù ti di ọ̀kan lára ẹrù ìyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó, àwọn ààfáà ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì, àwọn òbí mìíràn kò sì ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé orí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí wọn ò bá tíì rí i. Lẹ́tà méjì péré ló máa ń wà níbẹ̀: AA, AS, AC, SS tàbí SC. Lẹ́tà méjì yìí ti tú ọ̀pọ̀ ìfẹ́ ká.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi ẹni tó mú ìwé náà dání léèrè pé kí ni S yẹn gan-an, oríṣiríṣi ìdáhùn lẹ ó gbọ́. Àwọn kan á ní irú ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọn kan á ní àìsàn tó sùn sára ni. Àwọn mìíràn gbà pé téèyàn bá mu àgbo dáadáa tàbí tó gbààwẹ̀, AS á di AA. Nígbà tó wá di ìparí ọdún 2023, tí ìròyìn jáde láti ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwòsàn kan tó ń ṣàtúnṣe sí DNA àwọn tó ní SS, ìyẹn àìsàn tí wọ́n ń pè ní sickle cell, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ sí i.

Orí ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ìbéèrè yìí dúró lé: bí sẹ́ẹ̀lì ara wa ṣe ń ka ohun tí a kọ sínú DNA, tó sì ń fi í ṣe purotéènì. Ẹni tí èyí bá yé á lè fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ṣeé yí padà lára èèyàn àti ohun tí kò ṣeé yí padà. Mo rò pé ó ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ju aṣọ ẹbí lọ.

Kí ni DNA, kí ni jíìnì, kí sì ni purotéènì?

Sẹ́ẹ̀lì ni ohun abẹ̀mí tó kéré jù lọ nínú ara wa. Ojú lásán kò lè rí i, àìmọye wọn ló sì para pọ̀ di awọ, ẹ̀dọ̀, eegun àti ẹ̀jẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ oríṣi wọn, yàrá kan wà láàárín tí wọ́n ń pè ní núkílíọ́ọ̀sì. Inú yàrá yìí ni DNA wà.

DNA jẹ́ okùn méjì tó gùn gan-an tó sì lọ́ mọ́ra wọn. Lára okùn náà, èròjà mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn, tí a sì ń fi lẹ́tà pè: A, T, G àti C. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni ọ̀rọ̀ tí DNA ń sọ. Èyí tí a gbà lọ́dọ̀ baba tó nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà, èyí tí a gbà lọ́dọ̀ ìyá náà sì tó bẹ́ẹ̀. A kò gbà á ní odindi o. Ìdì mẹ́tàlélógún ti ọ̀dọ̀ baba wá, mẹ́tàlélógún ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 46. Ọdún 1953 ni James Watson àti Francis Crick ní Cambridge ṣàlàyé bí okùn méjì náà ṣe lọ́ mọ́ra, àwòrán tí wọ́n yà ní láàbù Rosalind Franklin ní London sì wà lára ohun tó là wọ́n lójú.

Jíìnì ni apá kan nínú ọ̀rọ̀ gígùn yìí tó dá lórí ohun kan pàtó. Jíìnì tó ń sọ bí a ṣe ń ṣe purotéènì lára èèyàn tó nǹkan bí 20,000.

Purotéènì ńkọ́? Lẹ́nu wa, ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara pọ̀ ju ìyẹn lọ. Òun ló wà nínú irun àti èékánná. Òun ló wà nínú itọ́ tó ń jẹ́ kí iyán dùn lẹ́nu téèyàn bá jẹ ẹ́ pẹ́. Ìnsúlíìnì tí kì í jẹ́ kí ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, purotéènì ni. Hẹmoglóbíìnì tó ń gbé ọ́síjìn kiri inú ẹ̀jẹ̀, tó sì mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, purotéènì ni. Orí hẹmoglóbíìnì yìí ni ọ̀rọ̀ AS àti SS dá lé.

Kí n tètè tú kókó kan tó máa ń dani rú: A tó wà nínú AA tàbí AS kọ́ ni A tó wà lára okùn DNA. Orúkọ irú hẹmoglóbíìnì ni A, S àti C orí ìwé jẹ́nótáìpù. Lẹ́tà DNA jẹ́ nǹkan mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí wọn jọra lórí bébà.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń di ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn?

Ẹ jẹ́ ká wo agbo ilé kan tí wọ́n ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tà. Ìyá àgbà ní ìwé ńlá kan nínú yàrá inú lọ́hùn-ún. Gbogbo bátànì ìlẹ̀kẹ̀ tí ìdílé náà mọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ti ọrùn, ti ọwọ́ àti ti ìdí. Ìwé náà kì í jáde láéláé. Tí oníbàárà bá fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan, ọmọ kan á wọlé lọ, á ṣí ojú ewé yẹn nìkan, á da á kọ sórí bébà pélébé, á sì gbé bébà náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ jókòó sí pẹ̀lú òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ oríṣi ogún. Wọ́n ń ka bébà, wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí òwú bó ṣe wà níbẹ̀, títí tí bébà á fi ní ó tó. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á ya bébà náà nù.

Ìwé ńlá ni DNA. Yàrá inú ni núkílíọ́ọ̀sì. Ojú ewé kan ni jíìnì kan. Bébà pélébé ni RNA. Ìlẹ̀kẹ̀ oríṣi ogún ni àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní amínò ásíìdì. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín tán sórí òwú ni purotéènì. Mo fẹ́ kí ẹ fi agbo ilé yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ la ó máa padà sí.

Ta ló ń da ojú ewé náà kọ?

Purotéènì kan tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe é. Á wá ibi tí jíìnì ti bẹ̀rẹ̀, á la okùn méjì DNA níyà níbẹ̀, á máa ka ọ̀kan nínú wọn, á sì máa to lẹ́tà RNA ní ìbámu pẹ̀lú ohun tó ń kà. Nínú RNA, U ló máa ń dípò T, ìyẹn ni ìyàtọ̀ lẹ́tà wọn. Tó bá kọjá tán, okùn DNA á padà pa dé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò sí lẹ́tà kankan tó kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ yìí kò tíì ṣeé gbé jáde. Nínú ọ̀pọ̀ jíìnì wa, àwọn apá kan wà láàárín tí kò sọ̀rọ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀ rárá. Sẹ́ẹ̀lì á gé wọn kúrò, á sì so ìyókù pọ̀. Ojú ewé ọ̀kan lára okùn hẹmoglóbíìnì, èyí tí wọ́n ń pè ní béètà, gùn tó nǹkan bí 1,600 lẹ́tà nínú DNA. Apá méjì ni wọ́n ń gé kúrò nínú ẹ̀dà rẹ̀ kó tó jáde, lẹ́tà tó lé díẹ̀ ní 400 ni wọ́n sì ń kà láti fi sín ìlẹ̀kẹ̀. Ọdún 1977 ni àwọn onímọ̀ tó rí ìgékúrò yìí. Ó yà wọ́n lẹ́nu, ó sì ń ya èmi náà lẹ́nu títí dòní.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò fẹ́ ká gbójú fò. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ní núkílíọ́ọ̀sì ló ní odindi ìwé náà lọ́wọ́. Ojú ewé hẹmoglóbíìnì wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì awọ àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣí i. Inú mùdùnmúdùn eegun, níbi tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ti ń dàgbà, ni wọ́n ti ń ṣí i tí wọ́n sì ń da á kọ ní àkọtúnkọ. Ojú ewé tí sẹ́ẹ̀lì kan ń ṣí ló mú kí ẹ̀dọ̀ jẹ́ ẹ̀dọ̀, kí awọ sì jẹ́ awọ.

Báwo ni lẹ́tà mẹ́rin ṣe lè pe ìlẹ̀kẹ̀ ogún?

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lẹ́tà kan ló ń pe ìlẹ̀kẹ̀ kan, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin péré ni a lè pè. Tó bá jẹ́ lẹ́tà méjì-méjì, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 16, kò tíì tó ogún. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta á fún wa ní 64, ìyẹn sì tó, ó tún ṣẹ́ kù. Mẹ́ta-mẹ́ta náà ni sẹ́ẹ̀lì ń kà á lóòótọ́.

Ní 1961, Marshall Nirenberg àti Heinrich Matthaei ní Amẹ́ríkà ṣe RNA kan tó jẹ́ U nìkan, UUUUUU títí lọ, wọ́n sì fi í sínú omi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fọ́. Okùn purotéènì tó jáde jẹ́ irú ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí tí wọ́n ń pè ní fẹníláláníìnì. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé fẹníláláníìnì ni UUU ń pè. Nígbà tó fi máa di 1966, wọ́n ti mọ ìtumọ̀ gbogbo 64. Nirenberg, Har Gobind Khorana àti Robert Holley ló gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní 1968. Nínú 64 náà, 61 ń pe ìlẹ̀kẹ̀, mẹ́ta yòókù, UAA, UAG àti UGA, ń sọ pé ó tó. AUG ló máa ń sọ pé ibí ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ráíbósóòmù. Á di ẹ̀dà RNA mú, á sì máa gbà á kọjá ní lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ RNA kéékèèké, ló ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ wá fún un. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní lẹ́tà mẹ́ta tirẹ̀ lápá kan, ó sì gbé ìlẹ̀kẹ̀ tó bá lẹ́tà náà mu lápá kejì. Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ bá bá ti orí bébà mu nìkan ni ráíbósóòmù máa gba ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn béètà ní ìlẹ̀kẹ̀ 146, sísín rẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti jáde ló máa ń ká ara rẹ̀, bó sì ṣe ká ló ń sọ iṣẹ́ tó lè ṣe. Béètà méjì àti okùn mìíràn méjì tí wọ́n ń pè ní álífà ló para pọ̀ di hẹmoglóbíìnì kan. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo, hẹmoglóbíìnì tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200.

Bákan náà ni èdè yìí rí lára èèyàn, lára ewúrẹ́, lára iṣu àti lára kòkòrò bakitéríà, àyàfi ìyàtọ̀ kéékèèké níbì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ní 1978 láti fi ojú ewé ìnsúlíìnì èèyàn sínú bakitéríà nìyẹn. Bakitéríà kà á, ó sì sín ìnsúlíìnì èèyàn. Láti 1982 ni irú rẹ̀ ti wà lọ́jà, irú rẹ̀ náà sì ni àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń tọ́jú sínú fíríìjì nílé wọn ní Òkè-Fìà àti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí.

Níbo ni S ti wá?

Ẹ wo bí ẹ̀dà ojú ewé béètà ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó jẹ́ AA. Mo ti pín in sí mẹ́ta-mẹ́ta:

AUG GUG CAU CUG ACU CCU GAG GAG AAG

AUG àkọ́kọ́ ni àmì ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì gé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kúrò tó bá yá. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti GUG. Èyí tó ṣìkẹfà ni GAG. Ìlẹ̀kẹ̀ gílútámíìkì ló ń pè.

Ẹ wá wo ti S:

AUG GUG CAU CUG ACU CCU GUG GAG AAG

Lẹ́tà kan ló yí padà. GAG di GUG. Dípò gílútámíìkì, fálíìnì ni wọ́n fi síbẹ̀. Gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ 145 yòókù wà bí wọ́n ṣe wà. Ti C náà, ibi kan náà ló ti ṣẹlẹ̀: GAG di AAG, ìlẹ̀kẹ̀ láísíìnì ló sì bọ́ síbẹ̀.

Ní 1957, Vernon Ingram ní Cambridge fi hàn pé ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín hẹmoglóbíìnì A àti S. Ó ṣòro láti gbà pé ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ló ń fa ìrora tó ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù lóru. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe. Gílútámíìkì fẹ́ràn omi. Fálíìnì ń sá fún omi. Nígbà tí hẹmoglóbíìnì S bá gbé ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀ tán, ibi tí fálíìnì wà yìí á lẹ̀ mọ́ hẹmoglóbíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn á tún lẹ̀ mọ́ òmíràn. Láìpẹ́ wọ́n á di ọ̀pá gígùn nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀pá náà á sì na sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí roboto di ohun tó tẹ̀ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ le, kì í lè gba inú iṣan tóóró kọjá. Á dí ọ̀nà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á sì máa ro èèyàn gan-an: eegun, àyà, ikùn. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kì í lò ju bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dín lára wọn, tí ojú wọn sì máa ń pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú.

Kí àyẹ̀wò tó dé, ọ̀pọ̀ irú ọmọ báyìí ni wọ́n sọ ní Málọmọ́ àti Dúrósinmi, tí wọ́n ní àbíkú ni. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí àwọn ìyá tí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Kí ló dé tí ẹni tó jẹ́ AS fi ń rìn láìṣàìsàn?

Nítorí pé ìwé méjì la ní, ti baba àti ti ìyá, wọ́n sì ń da ojú ewé béètà kọ láti inú méjèèjì. Ẹni tó jẹ́ AS ń sín A, ó sì ń sín S pẹ̀lú. A tó wà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn S ráyè so mọ́ra wọn di ọ̀pá. Nítorí náà, AS kì í ṣe àìsàn.

Ó tilẹ̀ ní àǹfààní kan. Ọmọ tó jẹ́ AS ní ààbò ju ọmọ AA lọ lọ́wọ́ irú ibà líle tó ń pa ọmọdé. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, débi pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ṣùgbọ́n tí AS méjì bá fẹ́ra wọn, oyún kọ̀ọ̀kan lè gba S lọ́dọ̀ baba kó tún gba S lọ́dọ̀ ìyá, ìdá kan nínú mẹ́rin sì ni èyí. Kì í ṣe pé wọ́n á bí mẹ́ta tí kò ní in kí wọ́n tó bí ẹ̀kẹrin tó ní in. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé “a ti bí àkọ́bí tó ní in, ó ti tán.” Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé oúnjẹ tàbí àgbo lè yí i padà?

Rárá, ìdí rẹ̀ sì hàn nínú agbo ilé wa. Oúnjẹ kì í dé inú ìwé. Ìlẹ̀kẹ̀ ni oúnjẹ ń kó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Tí ẹ bá jẹ mọ́ínmọ́ín, ikùn àti ìfun á tú purotéènì inú ẹ̀wà náà sí amínò ásíìdì, wọ́n á wọ inú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á sì fi wọ́n sín ohun tí ìwé tiwọn wí. Purotéènì ẹ̀wà kì í di ẹ̀wà nínú ara yín. Nínú oríṣi ogún náà, mẹ́sàn-án wà tí ara wa kò lè ṣe fúnra rẹ̀, a gbọ́dọ̀ jẹ wọ́n. Àgbàdo kò ní láísíìnì tó. Ẹ̀wà ní láísíìnì dáadáa, ṣùgbọ́n mẹ̀táyọ́níìnì rẹ̀ kéré, èyí tí àgbàdo sì ní ju ẹ̀wà lọ. Àwọn ìyá wa tó ń ta ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín àti ògì pẹ̀lú àkàrà ti ń parí àìtó ọ̀kan pẹ̀lú èkejì tipẹ́tipẹ́. Tí ìlẹ̀kẹ̀ kan bá wọ́n, iṣẹ́ á falẹ̀ lọ́wọ́ ráíbósóòmù bó ti wù kí ìyókù pọ̀ tó. Ọmọ tó jẹ́ SS, tí ara rẹ̀ ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun lójoojúmọ́ láti dípò èyí tó ń tètè kú, nílò oúnjẹ gidi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ti àgbo, ó yẹ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD, ṣe oògùn kan tó ń jẹ́ Niprisan láti inú àwọn ewéko tí àwa náà mọ̀: ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ọkà bàbà. Nínú láàbù, ó ń dín bí hẹmoglóbíìnì S ṣe ń so mọ́ra wọn kù. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ara ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ti sín tán ló ti ń ṣiṣẹ́. Ojú ewé tó wà nínú yàrá ṣì ń ka GUG, èyí tí wọ́n bá sì sín lọ́la á tún jẹ́ S. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun á sọ SS di AA pẹ̀lú ìgò àgbo, irọ́ ló ń pa.

Abẹ́rẹ́ kòrónà ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ pé abẹ́rẹ́ Moderna, tó dé Nàìjíríà láti Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ 2021, ní RNA nínú, wọ́n sì bẹ̀rù pé á yí DNA àwọn padà. Ohun tí wọ́n gún síni lára ni bébà pélébé, ẹ̀dà ojú ewé kan ṣoṣo tó ń sọ nípa purotéènì tó wà lára fáírọ́ọ̀sì náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dúró sí. Ráíbósóòmù kà á, ó sín in, ara rí àjèjì purotéènì náà, ó sì kọ́ bí yóò ṣe gbógun tì í. Bébà náà kì í wọ yàrá inú, sẹ́ẹ̀lì á sì ya á nù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Katalin Karikó àti Drew Weissman, tí wọ́n wá ọ̀nà tí ara kò fi ní bínú sí irú RNA bẹ́ẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023.

Ìwòsàn 2023 wá ṣe yàtọ̀ báwo?

Òun ni ó wọ yàrá inú lóòótọ́. Kí ohun tó ṣe tó yé wa, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé ọmọ inú oyún kì í fi bẹ́ẹ̀ lo béètà. Ojú ewé mìíràn, gámà, ni wọ́n ń kà fún un. Lẹ́yìn ìbí, ara á pa gámà dé díẹ̀díẹ̀, á sì ṣí béètà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó jẹ́ SS kì í fi í sábà ṣàìsàn ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, tí ìyá rẹ̀ á rò pé kò sí nǹkan kan.

Nínú ìwòsàn tí wọ́n ń pè ní Casgevy, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìlú Ọba ní oṣù kọkànlá 2023 àti ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá, wọ́n máa ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn. Wọ́n á gé ibì kan nínú DNA wọn, kí ohun tó ń pa gámà dé má lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á sì dá wọn padà sínú ara. Ojú ewé S ṣì wà níbẹ̀, wọn kò pa á rẹ́. Gámà ni wọ́n tún ṣí. Kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì náà padà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn líle pa àwọn ti àtijọ́ inú mùdùnmúdùn eegun, owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Oògùn mìíràn tó wà ní ìkáwọ́ wa, hydroxyurea, ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ láti ṣe gámà díẹ̀ sí i láìyí lẹ́tà kankan padà nínú DNA. Dókítà ló ń kọ ọ́ fún èèyàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún wò lórí rẹ̀.

Ohun tí ìròyìn kì í sábà sọ ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n tún ṣe. Ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin wà bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tí wọ́n ti fi ọ̀nà yìí wò, tó sì ń rìn kiri láìsí ìrora, ṣì máa fún ọmọ rẹ̀ ní S.

Kí ló dé tí láàbù méjì fi fún ẹnì kan ní èsì méjì?

Èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Láàbù kan ní AA, òmíràn ní AS, ẹnì kan á sì sọ pé àdúrà ti gbà.

Ní ọ̀pọ̀ láàbù wa, àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kì í wo DNA rárá. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ti sín ni wọ́n ń wò, wọ́n á wá ti ibẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ìwé. Wọ́n á fi hẹmoglóbíìnì sórí bébà kan, wọ́n á sì gba iná mọ̀nàmọ́ná kọjá lórí rẹ̀. Nítorí pé ìlẹ̀kẹ̀ tó yàtọ̀ ti yí bí iná ṣe ń fà á padà, A máa ń sáré jù, S á tẹ̀lé e, C á wà lẹ́yìn. Irú ọ̀nà yìí ni Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní 1949 láti fi hàn pé hẹmoglóbíìnì aláìsàn yàtọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ méjì lè dàpọ̀ mọ́ra, iná lè lọ láàárín iṣẹ́, ẹni tó ń kà á lè ṣi ojú kà á. Bí ẹni tó jẹ́ SS bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, ìlẹ̀kẹ̀ ẹlòmíràn náà á hàn lórí bébà, á sì dà bíi pé AS ni.

Nítorí náà, tí èsì méjì bá takora, ìwé inú yàrá kọ́ ló yí padà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ tó péye, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe ní ọ̀nà méjì, kí ẹ sì sọ fún wọn bóyá ẹ ti gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ dúró tó oṣù mẹ́rin kí sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn tó tán lára yín, tàbí kí wọ́n ka DNA fúnra rẹ̀. Ẹ mú àwọn òbí yín méjèèjì dání tí wọ́n bá wà láyé: èsì tiwọn máa ń tètè fi hàn tí tiyín bá ní àṣìṣe, nítorí ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ SS kò lè jẹ́ AA.